ÌYÀTỌ̀ WÀ LÁÀRIN WÈRÈ ÀTI ÌGBÉRAGA

Ní ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, pápá kan wà tí kò jìnnà sí Kejetia àti Bantama, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Race Course, èyí tí í ṣe pápá ìsáré ẹṣin. Orúkọ náà ni ó kù. Ẹṣin kọ́ ni àwọn ènìyàn ń lọ wò níbẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2015, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún ọjà Kejetia kọ́, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ sí pápá yìí, ọjà ni ó dà. Ibi tí ọjà bá sì wà, èrò kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Ibi tí èrò bá sì wà, àwọn tí ń wá ẹni tí yóò gbọ́ tiwọn kì í jìnnà síbẹ̀.

Kumasi kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí àwa Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ni ó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, tí wọ́n ná ọjà rẹ̀, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀, kí àṣẹ tí ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà. Ẹni tí ó bá mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ní Kumasi, ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Oyíngbò, yóò mọ irú àwọn ènìyàn mẹ́rin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Èkínní a máa rìn kiri nínú aṣọ àkísà, a sì máa wí fún àwọn tí ń kọjá pé òun ni ọba tí ó ni gbogbo ayé. Èkejì a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, a ní òun nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run rán láti gba ìlú là. Ẹ̀kẹta a jẹ́ olówó tuntun, tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kí i lórí ìdúró. Ẹ̀kẹrin a jẹ́ ọ̀gá tàbí òṣèlú tí ẹnì kankan kò gbọdọ̀ bi léèrè ohun tí ó ń ṣe.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé orúkọ méjì péré ni èrò ọjà ní fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọn kò bá fẹ́ràn ẹni náà, wèrè ni. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹni ńlá ni, wòlíì ni, bàbá ìlú ni. Òótọ́ ni pé bí ọ̀bọ ti ṣe orí ni ìnàkí ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀bọ kì í ṣe ìnàkí. Ẹni tí ó dúró lókèèrè ní pápá ìsáré ẹṣin lè rò pé nǹkan kan náà ni ó ń lé gbogbo ẹṣin; ẹni tí ń tọ́jú wọn mọ̀ pé ọ̀kan ń sáré nítorí pé ó lágbára, òmíràn nítorí pé ẹ̀rù ń bà á, òmíràn nítorí pé ara rẹ̀ kò yá. Èrò wa ni pé àìmọ ìyàtọ̀ yìí ń ṣe ìlú ní ibi ní ọ̀nà méjì: ó ń sọ aláìsàn di ẹni ẹ̀sín tàbí ẹni ìsìn, ó sì ń fún ẹni tí orí rẹ̀ pé ní àwáwí fún ìwà tí ó yẹ kí ó dáhùn fún.

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ti ń gbìyànjú láti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Wọ́n ṣàkíyèsí pé èrò, ìrora àti ìfẹ́ ọkàn kan lè so pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ènìyàn bí kókó inú igi, kí wọ́n sì máa darí ìwà rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fura. Kókó ọkàn ni àwa yóò máa pè é nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí olówó tuntun wa. Kókó tirẹ̀ ni ti ìjọra-ẹni-lójú. Alfred Adler, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó kú ní ọdún 1937, ni ó kọ́ ayé pé ẹni tí ń fi gbogbo agbára gbé ara rẹ̀ ga ju ẹlòmíràn lọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ń sá fún èrò pé òun kéré ni. Wọ́n ti fi òṣì bú u nígbà èwe rẹ̀, tàbí wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wé e títí ó fi sú u. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá tẹ owó tàbí oyè, ó ń fi í bo egbò tí kò tíì jiná. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wèrè rárá. Ó mọ iye tí ó wà lápò rẹ̀, ó mọ gbèsè tí ó wà lọ́rùn oníbàárà rẹ̀, kò sì sọ pé òun jẹ́ ohun tí òun kì í ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́, èyíinì ni pé kí ẹlòmíràn kéré, kí òun lè mọ̀ pé òun tóbi. Bí a bá ń jọ́sìn fún un, egbò náà kò ní jiná. Bí a bá sì ń bú u, a ń tún un dá ni. Ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí gbogbo ènìyàn ni kí a fún un, kí a má fi ẹyọ kan lé e.

Èkejì ni kókó olùgbàlà, òun ni ó sì ṣòro jù lọ láti mọ̀, nítorí pé aṣọ àánú ni ìgbéraga rẹ̀ wọ̀. Olówó tuntun wí pé, "Mo jù yín lọ." Olùgbàlà wí pé, "Ẹ̀yin ni mo wà fún. Bí kò bá sí èmi, ẹ ti gbé." Kì í ṣe orí pèpéle nìkan ni a ti ń rí i. A máa ń rí i nínú ẹbí, lára ẹ̀gbọ́n tí ó gbé ẹrù gbogbo ilé lérí, tí kò sì fẹ́ kí àbúrò kankan dá dúró. Ọ̀nà tí a fi lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí olùrànlọ́wọ́ tòótọ́ kò ṣòro. Ẹ wo ojú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹni tí ó ń ràn lọ́wọ́ bá dìde, tí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Inú olùrànlọ́wọ́ a dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kókó olùgbàlà wà nínú rẹ̀ a máa bínú, bí ẹni pé wọ́n jà á lólè.

Ìtàn Gánà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ńlá lórí èyí. Kò sí ẹni tí ó lè gba ògo Ọ̀mọ̀wé Kwame Nkrumah lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀ títí Gold Coast fi di Gánà olómìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Nígbà ìjọba rẹ̀ ni wọ́n sé odò Volta ní Akosombo fún iná mànàmáná, nígbà tirẹ̀ náà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Kumasi di yunifásítì ní ọdún 1961. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere nìkan kò tó àwọn tí ó yí i ká. Wọ́n fún un ní oyè Osagyefo, èyí tí í ṣe aṣẹ́gun tí ń gbani lójú ogun ní èdè Akan. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní ọdún 1960, níbi tí àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ti ń kọ́ láti pe ènìyàn ẹlẹ́ran ara ní Olùgbàlà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Richard Roseveare ti ìjọ Áńgílíkà sọ̀rọ̀ lòdì sí i ní ọdún 1962, ìjọba lé e jáde kúrò ní ìlú.

Òfin tí ó fi àyè gba títi ènìyàn mọ́lé láìgbẹ́jọ́ ti wà láti ọdún 1958. Ọ̀mọ̀wé J. B. Danquah, tí ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó pe Nkrumah padà wálé láti òkè òkun ní ọdún 1947, kú sínú ẹ̀wọ̀n Nsawam ní ọdún 1965. Ní ọdún 1964, Gánà ti di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́gbẹ́-òṣèlú kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, nígbà tí Nkrumah wà lẹ́yìn odi, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èrò sì yọ̀ lórí ère rẹ̀ tí wọ́n wó lulẹ̀ ní Accra.

Ǹjẹ́ a ń sọ pé wèrè ni Nkrumah bí? Ó tì o. A kò tilẹ̀ sọ pé àìsàn kankan ṣe é. Ẹni tí kò yẹ aláìsàn wò kò gbọdọ̀ sọ orúkọ àrùn rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ènìyàn tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìgbàlà ní tòótọ́, bí a bá ń pè é ní olùgbàlà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí ó bá takò ó yóò di ọ̀tá ìgbàlà. A kì í dárúkọ orí ajá, kí a má dárúkọ ìkòkò tí a fi sè é. Àwọn tí ó kọrin fún un ní àná, tí wọ́n sì ń jó lórí ère rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ní ìpín tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni kókó àfira-ẹni-ṣe-Ọlọ́run. Ernest Jones, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Wales, kọ àròkọ kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1913. Ó ṣe àpèjúwe àwọn ènìyàn tí kò fi ẹnu ara wọn wí pé Ọlọ́run ni àwọn, síbẹ̀ tí wọ́n ń hùwà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ràn láti jìnnà sí ènìyàn, kí ó sì ṣòro láti rí wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kún fún àdììtú. Wọ́n gbà pé àwọn lè sọ ohun tí ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí a bá sì sọ ohun tuntun fún wọn, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin irú ẹni yìí àti olùgbàlà ni pé olùgbàlà kò lè ṣe aláìní ènìyàn, nítorí pé bí kò bá sí ẹni tí ó wà nínú ewu, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe Ọlọ́run kò wá ẹni tí yóò gbà là. Ẹni tí yóò gbọ́ràn ni ó ń wá. Kò sọ pé òun yóò kú fún ọ. Ó ń sọ pé òfin tí ó mú ọ kò lè mú òun.

Ẹlòmíràn wà tí ìwà yìí ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, ẹlòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ipò ni ó pa á bí ọtí. Ní ọdún 2009, David Owen, oníṣègùn tí ó ti ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Gẹ̀ẹ́sì rí, àti Jonathan Davidson kọ̀wé lórí àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà àti àwọn olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní ìwà ìgbéraga kan wà tí agbára ni ó ń bí i, tí ó máa ń le sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún lórí oyè, tí ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ nígbà tí agbára bá kúrò lọ́wọ́ ẹni náà. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn rẹ̀ kò sí nílé ìwòsàn. Inú òfin ni ó wà.

Àwọn baba wa mọ èyí kí àwọn oníṣègùn tó kọ ọ́ sínú ìwé. A ń pe ọba ní aláṣẹ, èkejì òrìṣà. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì wà ní ẹ̀gbẹ́ Aláàfin, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn, bí ọba bá sì ṣe àṣejù, wọ́n mọ ohun tí wọn yóò gbé ránṣẹ́ sí i. Ní Kumasi pẹ̀lú, àwọn ìjòyè Asante yọ Asantehene Kofi Karikari lórí oyè ní ọdún 1874, lára ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn án ni pé ó kó wúrà láti inú ibojì àwọn ọba. Èyí tí ó tilẹ̀ jinlẹ̀ jù ni ti Àga Wúrà, tí ìtàn sọ pé Okomfo Anokye gbé kalẹ̀ fún Osei Tutu. Nínú àga náà ni wọ́n gbà pé ọkàn gbogbo orílẹ̀-èdè Asante wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó lórí rẹ̀, ọba pàápàá kì í jókòó lórí rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Wọ́n fi ògo ìlú síbi tí ìdí ènìyàn kankan kò lè dé.

Ẹ̀kẹrin ni aláìsàn tí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ẹni tí ń rìn nínú ọjà tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọba ayé. Tirẹ̀ kì í ṣe kókó, àìsàn ni. Bí ẹnì kan bá yí padà lójijì, tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ òru, tí ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi, tí ó ń ná owó tí kò ní, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì ń sọ pé òun ni Kristi tàbí ọba, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn mẹ́ta ìṣáájú ni pé kò sí èrè kankan fún un nínú ohun tí ó ń sọ, kò sì sí ẹ̀rí tí ó lè mú un yí èrò rẹ̀ padà.

Ní ọdún 1959, ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kan ní Ypsilanti ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Milton Rokeach kó àwọn aláìsàn mẹ́ta jọ sí ibì kan náà, tí olúkúlùkù wọn ń sọ pé òun ni Kristi. Ó rò pé bí wọ́n bá rí ara wọn, ojú wọn yóò là. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń kọ lẹ́tà ayédèrú sí wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rí ìwòsàn. Olúkúlùkù a máa wá àlàyé fún ìdí tí àwọn méjì yòókù fi ń ṣìnà. Ó gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1964. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Rokeach fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé òun kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ara òun ṣe Ọlọ́run lórí ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn bá wa lọ. Àwọn mẹ́ta tí ń pe ara wọn ní Kristi kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ara wọn ṣe Ọlọ́run. Àìsàn ni ó ń bá wọn jà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé, tí ó kàwé, tí ó sì di kọ́kọ́rọ́ mú, ni ẹ̀mí àfira-ẹni-ṣe-Ọlọ́run bá wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ti fi ọ̀nà tí ó dára jù hàn ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, kò sì kọ̀ láti bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbé láàrin àwọn ènìyàn aláìsàn ni ó lè mọ ohun tí í ṣe ìgbàgbọ́ wọn, àti ohun tí í ṣe àìsàn. Nítorí pé bí gbogbo ìjọ bá jùmọ̀ gbà pé wòlíì wọn ń ríran, èyí nìkan kò sọ wòlíì náà di aláìsàn.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń rújú wà. Àwọn àgbà Èkó kò tíì gbàgbé Olúfúnmiláyọ̀ Odùmosù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jésù Oyíngbò, tí ó kéde pé òun ni Kristi tí ó padà wá, tí ó kó ọmọ-ẹ̀yìn jọ sí Maryland, títí tí ó fi kú ní ọdún 1988. Àìsàn ni, tàbí kókó ọkàn, tàbí ọgbọ́n àrékérekè? Àwa kò ní dá ẹjọ́ náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè yàtọ̀ sí èyí: Ta ni ó lè sọ fún un pé ó ṣìṣe? Ọwọ́ ta ni dúkìá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wà? Ǹjẹ́ obìnrin àti ọmọdé tí ó wà nínú agbo náà lè jáde bí ó bá wù wọ́n? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni yóò dáàbò bo ìlú, ìbáà jẹ́ pé aláìsàn ni olórí agbo tàbí ẹlẹ́tàn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fún olúkúlùkù ní oògùn tirẹ̀. Kí a fi ọ̀wọ̀ bá olówó tuntun lò láìforíbalẹ̀ fún un. Kí a gba ìrànlọ́wọ́ olùgbàlà, kí a dúpẹ́, kí a sì di ìṣàkóso ara wa mú. Kí òfin máa ka ọjọ́ fún ẹni tí ó wà lórí oyè. Ìwé òfin Gánà ti ọdún 1992 kò gbà kí ààrẹ ju sáà méjì ọlọ́dún mẹ́rin lọ, èyí sì ti ṣe orílẹ̀-èdè náà ní àǹfààní ju orin ìyìn lọ. Aláìsàn ni kí a gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Gánà ṣe òfin ìlera ọpọlọ ní ọdún 2012. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí tiwa, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún láti ayé àmúnisìn. Òfin méjèèjì kò ní wúlò bí a bá ṣì ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn mọ́ igi ní àgọ́ àdúrà, tàbí tí a ń sọ òkò lù ú láàrin ọjà.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tí èrò ń fi ṣe ìran ní Race Course tàbí ní Oyíngbò, ọmọ ẹnì kan ni. Ẹni tí èrò sì ń gbé lérí bí òrìṣà, ènìyàn bí tiwa ni. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. A bẹ ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin olórí ẹbí, pé nígbà tí ẹnì kan bá dìde ní àárín yín, tí ó ní òun tóbi ju gbogbo ènìyàn lọ, kí ẹ má kánjú rẹ́rìn-ín, kí ẹ má sì kánjú kúnlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ara rẹ̀ kò dá ni, bóyá egbò kan ni ó ń bò mọ́lẹ̀, tàbí ẹ̀yin gan-an ni ẹ ti ń bu ọtí náà fún un.